Ọjọ́ Tí Wọ́n Bó Píjò Alhaji

Ẹ̀yìnkùlé Alhaji Abdulwasiu nìyí, ní Ọ̀fà, níbi tí síménti, páànù àti iyanrìn títà ti gba gbogbo àyè mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Píjò 504 àtijọ́ kan wà láàárín wọn lórí tapólín, Bọ́ládé sì ń lẹ páálí mọ́ gíláàsì rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni Bọ́ládé, wọ́ṣọ́ọ̀bù Póli ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tí kò mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

ALHAJI: Ọ̀gbẹ́ni Póli, láti ìgbà tí a ti jẹun àárọ̀ lo ti ń wé mọ́tò yìí. Ṣé o fẹ́ bó o ni, àbí o fẹ́ sin ín?

BỌ́LÁDÉ: Ẹ fara balẹ̀, Alhaji. Bí ohun tó ń jáde lẹ́nu ìbọn yìí bá kan gíláàsì, gíláàsì náà kò ní í ríran mọ́ láyé.

ALHAJI: Ìbọn? Mo ní kó o wá bó ọ̀dà, o gbé ìbọn wọ ilé mi?

BỌ́LÁDÉ: Ìbọn atẹ́gùn ni. Kọmpírẹ́ṣọ̀ á ti atẹ́gùn, atẹ́gùn á gbé èròjà, èròjà á gbá ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò lára irin. Mo mọ̀ ọ́n tán.

ALHAJI: Táǹkì epo rẹ̀ dà? Mi ò rí i níbi tó wà.

BỌ́LÁDÉ: Mo ti tú u. Ó wà lẹ́yìn ògiri, òun àti bátìrì. Irin tí a bá ń gbá lè ta iná. Ẹni tó bá fi epo sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, kò ní í jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

ALHAJI: Ó dáa. Iyanrìn ńkọ́? Odindi típà kan ló wà níbẹ̀ yẹn. Bu èyí tó bá wù ọ́. Ọ̀fẹ́ ni, inú mi dùn lónìí.

BỌ́LÁDÉ: Ẹ gbé iyanrìn yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iyanrìn kò dára fún iṣẹ́ yìí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ mọ́ irin, á fọ́ di ekuru tí ojú kò rí, á gba imú wọlé, á lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní jáde mọ́.

ALHAJI: (ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀) Iyanrìn mi? Iyanrìn tí gbogbo Ọ̀fà fi kọ́lé? Dárúkọ ẹnì kan fún mi tó ti kú nínú ilé tí mo ta iyanrìn rẹ̀.

BỌ́LÁDÉ: Wọn ò fa ilé símú, Alhaji.

ALHAJI: Epo pupa wà ní kíṣìnì. Ṣíbí kan kó o tó bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kan tó o bá parí. Àwọn tó ń gé páànù fún mi, mílíìkì alágolo ni mo ń fún wọn. Ekuru ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

BỌ́LÁDÉ: Ikùn ni epo ń lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ni ekuru ń lọ. Ọ̀nà méjèèjì kò pàdé.

ALHAJI: Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni gbogbo ọ̀nà ti ń pàdé.

BỌ́LÁDÉ: Ibẹ̀ gan-an ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tètè dé.

(Ó ṣí àpò kan. Alhaji yọjú wò ó, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbọ́ òórùn rẹ̀.)

ALHAJI: Kí lèyí? Èèpo ẹkùrọ́ kọ́ nìyí?

BỌ́LÁDÉ: Òun ni. Mo lọ̀ ọ́ kúnná. Bí mo bá tẹ atẹ́gùn níwọ̀nba, á ká ọ̀dà kúrò ní ìpele ìpele bí ìgbà tí a bá ń bó àlùbọ́sà, kò sì ní ha irin. Ibi tí ìpẹtà bá ti jẹ wọra nìkan ni mo máa lo ìgò lílọ̀ sí.

ALHAJI: Mọ́tò bàbá mi di ẹni tí wọ́n ń fún ní ẹkùrọ́ jẹ. Ó dáa, máa bá a lọ.

BỌ́LÁDÉ: Ẹ wọ ìbòmú yìí ná. Ẹ fi awò sójú.

ALHAJI: Èmi? Ekuru Ọ̀fà ni mo fi dàgbà.

BỌ́LÁDÉ: Ekuru yẹn kò ní òjé nínú. Ọ̀dà àtijọ́ ní òjé. Òjé burú, ó ń jẹ́ kí ènìyàn máa gbàgbé nǹkan.

ALHAJI: Kí lo ní ó ń ṣe?

BỌ́LÁDÉ: Ṣé ẹ rí i? Ẹ wọ ìbòmú.

(Alhaji wọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu kì í pẹ́ nínú ìbòmú; kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi fà á sísàlẹ̀ àgbọ̀n.)

ALHAJI: O mọ ìdí tí mo fi fẹ́ kí mọ́tò yìí kọ mànà lónìí?

BỌ́LÁDÉ: Ẹ ò tíì sọ.

ALHAJI: Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, àwọn ará ilé ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kabir ń bọ̀ láti Ẹ̀rìn-Ilé. Wọ́n ń bọ̀ wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ nítorí Àmínát ọmọ mi.

BỌ́LÁDÉ: Háà! Ẹ kú oríire!

ALHAJI: Oríire wo? Mo fẹ́ kọ̀ fún wọn ni.

BỌ́LÁDÉ: Ẹ fẹ́ kọ̀ fún wọn, ẹ wá ń bó mọ́tò dè wọ́n?

ALHAJI: Kíkọ̀ náà ní ẹ̀yẹ tirẹ̀. Màá gbé Píjò yìí síwájú ilé, irin gidi, kó máa dán. Màá ní, "Ẹ wo mọ́tò bàbá mi, Ìbráhìm Onípíjò. Wọ́n gbé Ọ̀fà, wọ́n kú sí Ọ̀fà, títí wọ́n fi jáde láyé, wọn ò fi ẹsẹ̀ tẹ Ẹ̀rìn rí. Ohun tí bàbá mi ò ṣe, èmi ò lè ṣe é." Màá fún wọn ní míníra tútù, wọn á máa lọ.

BỌ́LÁDÉ: Ẹ̀rìn tó wà níbí yìí? Èmi máa ń lọ ra iṣu níbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ìròyìn tán lórí rédíò tí mo fi ń débẹ̀. Bàbá onímọ́tò gbé ayé tán, wọn ò débẹ̀?

ALHAJI: Ohun tó jẹ́ kó jẹ́ nǹkan ìwúrí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà láàárín wa. Ọmọ Èkìtì ni ọ́, kò lè yé ọ.

BỌ́LÁDÉ: Kò yé mi, mi ò sì bèèrè. Àmínát ńkọ́? Kí ló sọ?

ALHAJI: (ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀) Ó ní bí mo bá máa kọ̀, kí n fi ẹnu ara mi kọ̀ lójú wọn, òun ò ní bá mi jíṣẹ́. Láti ìgbà náà, ó ń kí mi tẹ̀ríbatẹ̀ríba, ó ń gbé oúnjẹ mi fún mi, kò wá bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyẹn burú ju kó pariwo lọ.

BỌ́LÁDÉ: Kẹ́ ẹ wá gbà fún un.

ALHAJI: Ta ni yóò gbà? Gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ilé wa kò tẹ Ẹ̀rìn rí. Má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Tan nǹkan yìí. Kò sí ohun kan tí wọ́n pààrọ̀ lára mọ́tò yìí rí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, búùtù, ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe bí i náà ló wà.

BỌ́LÁDÉ: Ká tó tan án, ẹ jẹ́ kí n fi òòfà wò ó.

ALHAJI: Ọ̀fà wo? Ọ̀fà kọ́ ni a ti ń wò ó láti àárọ̀?

BỌ́LÁDÉ: Òòfà, Alhaji. Èyí tó ń fa irin.

ALHAJI: Ọ̀fà ń fa irin kẹ̀! O ò rí ojú irin réluwéè tó gba àárín ìlú ni?

(Bọ́ládé yọ òòfà lápò, ó fi lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òòfà yọ̀, ó já bọ́. Ó tún fi lé e. Ó tún já bọ́.)

BỌ́LÁDÉ: Òòfà kọ̀ ọ́.

ALHAJI: Ọ̀fà kì í kọ ọmọ rẹ̀!

BỌ́LÁDÉ: Eléyìí kọ̀. (ó fi ìka kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dún pó, pó) Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Irin kọ́ nìyí. Bọ́dì fílà ni, èyí tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà máa ń rẹ́ dí ihò. Ihò ni wọ́n rẹ́, wọ́n wá kun ọ̀dà lé e.

ALHAJI: Irọ́ ni. Òòfà rẹ ló ti darúgbó.

BỌ́LÁDÉ: Ó dáa. Ẹ padà sẹ́yìn okùn tí mo ta yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró níwájú ìbọn yìí, ìbá à jẹ́ ọba. Ohun tó ń bó ọ̀dà á bó awọ.

(Ó ki òwú bọ etí, ó wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ó tan kọmpírẹ́ṣọ̀. Ariwo sọ. Ó ń gbé ìbọn lọ gbé e bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńdà, kò dúró lójú kan. Ọ̀dà funfun lọ, bọ́dì fílà tẹ̀ lé e, nǹkan kan wá yọjú lábẹ́ rẹ̀. Bọ́ládé pa ẹ̀rọ.)

BỌ́LÁDÉ: Alhaji, ṣé wọ́n bí agolo mílíìkì mọ́ ọn?

ALHAJI: Agolo kẹ̀?

BỌ́LÁDÉ: Wọ́n là á, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n fi dí ihò fẹ́ńdà. Àwòrán màlúù ṣì wà lára rẹ̀.

ALHAJI: (ó rò ó díẹ̀) Bàbá mi fẹ́ràn mílíìkì.

BỌ́LÁDÉ: Búùtù náà, kò sí irin níbẹ̀. Ẹ wo páànù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Èyí jọ èyí tí ẹ̀ ń tà gan-an.

ALHAJI: Páànù tó dára ni. O rí i pé kò jò. Kọjá sí ibòmíràn.

(Wọ́n lọ kírun Àìlà, wọ́n jẹun, wọ́n padà. Ìyẹn ni pé Alhaji kírun, Bọ́ládé jẹun, àwọn méjèèjì sì padà pẹ̀lú ìdánilójú kan náà tí wọ́n gbé lọ. Bọ́ládé fi òòfà kan ilẹ̀kùn iwájú. Kọ̀ọ̀! Òòfà lẹ̀ mọ́ ọn.)

BỌ́LÁDÉ: Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí ni irin. Ilẹ̀kùn yìí gbà á.

ALHAJI: Mo sọ bí? Mo sọ bí? Irin bàbá mi! Bó ibẹ̀, kí àwọn ènìyàn náà lè rí i dáadáa. Ibẹ̀ ni màá dúró sí tí mo bá ń kọ̀ fún wọn.

(Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà funfun ká kúrò, ọ̀dà yẹ́lò wá yọ lábẹ́ rẹ̀. Bọ́ládé pa ẹ̀rọ, ó ń fi ọwọ́ nu ún.)

BỌ́LÁDÉ: Alhaji, ṣé bàbá yín ṣe kabúkabú rí?

ALHAJI: Kí lo pe bàbá mi? Ìbráhìm Onípíjò? Wọn ò gbé èrò rí, àfi àwọn ìyàwó wọn. Àwọn yẹn náà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó.

BỌ́LÁDÉ: Mo kàn rí yẹ́lò ni. Lẹ́tà dúdú sì wà lórí rẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má kọjá okùn. Màá máa kà á fún yín. (ó tan ẹ̀rọ, ó pa á) O. (ó tún tan án, ó pa á) F. F tún wà.

ALHAJI: Yà Allah!

BỌ́LÁDÉ: A.

(Alhaji fò kọjá okùn, jálámíà ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa fóònù yọ, ó ya OFFA tó wà lórí ilẹ̀kùn, ó ya ara rẹ̀ mọ́ ọn.)

ALHAJI: (sínú fóònù) Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo ara mọ́tò bàbá mi! A bó ọ̀dà, ọ̀dà bó, Ọ̀fà ló wà nísàlẹ̀! Ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Ẹni tó bá ní etí kó gbọ́!

BỌ́LÁDÉ: Alhaji, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi síta.

ALHAJI: Ó ti lọ. Ó ti wà lórí sítétọ́ọ̀sì fóònù mi, ó ti wà ní gbàgede ẹgbẹ́. Kí ló tún kù?

BỌ́LÁDÉ: Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń lọ. Ìlà kan wà lẹ́yìn OFFA.

ALHAJI: Ìlà ẹwà ni. Máa bó o.

(Ó padà sẹ́yìn okùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí fóònù. Ẹ̀rọ ń tàn, ẹ̀rọ ń kú.)

BỌ́LÁDÉ: E.

ALHAJI: Ẹ̀yẹ! "Ọ̀fà, Ẹ̀yẹ." Bàbá mi fẹ́ràn ẹ̀yẹ.

BỌ́LÁDÉ: R.

ALHAJI: Ẹ̀rù, nígbà náà. Wọ́n ń dẹ́rù ba ọ̀tá. Ó dára bẹ́ẹ̀.

BỌ́LÁDÉ: I.

ALHAJI: Ẹ̀rí! "Ọ̀fà, Ẹ̀rí." Wọ́n fẹ́ jẹ́rìí sí nǹkan kan.

BỌ́LÁDÉ: Wọ́n ti ń jẹ́ ẹ lọ. N.

(Alhaji rọra ki fóònù bọ àpò.)

ALHAJI: Erin. Erin ni wọ́n kọ. Ọ̀fà, erin ni wá. A ò ṣeé gbé.

BỌ́LÁDÉ: I. L. E.

ALHAJI: Erin... ilé.

BỌ́LÁDÉ: Ṣé ẹ máa ń sin erin nílé níhìn-ín ni?

ALHAJI: Ní ayé àtijọ́...

BỌ́LÁDÉ: Ìlà kékeré kan tún wà lábẹ́ rẹ̀. "ÈRÒ MÁRÙN-ÚN." Erin ilé yìí ń gbé èrò márùn-ún, Alhaji. Ó ń gbé wọn láti Ọ̀fà lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé.

(Alhaji yí ojú kúrò lára mọ́tò pátápátá. Ògiri ló ń wò.)

ALHAJI: Wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn yẹn.

BỌ́LÁDÉ: Ẹ ní kò sí ohun tí wọ́n pààrọ̀ rí.

ALHAJI: Mo gbàgbé ni! Òjé tí o sọ yẹn ti ń mú mi! Àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà ló rà á láti àkìtàn ibì kan. Ilẹ̀kùn mọ́tò ọlọ́mọ́tò kan nìyẹn. Ìwọ náà wò ó dáadáa.

BỌ́LÁDÉ: Mo ti wò ó. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, bọ́dì fílà. Fẹ́ńdà, agolo. Búùtù, páànù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yìí, ẹ wo bóòtù tó dè é mọ́ ara mọ́tò, sípánà ò kàn án rí. Òun nìkan ni kò kúrò níbi tí wọ́n bí i sí.

ALHAJI: Wá nǹkan mìíràn wí. O ní o mọ gbogbo nǹkan.

BỌ́LÁDÉ: Ohun tí mo mọ̀ náà ni mo ń sọ. Òòfà pàápàá, mo ń fà á, kò fẹ́ kúrò. (ó fi agbára fà á) Òòfà ti lẹ̀ mọ́ Ẹ̀rìn.

ALHAJI: Má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Dín ohùn rẹ kù! (ó ń yẹ ibodè wò) Ibo ni Ẹ̀rìn parí sí lára ilẹ̀kùn yẹn? Gé e kúrò, kó ku Ọ̀fà. Àwòrán tó wà níta náà, Ọ̀fà nìkan ni wọ́n rí.

BỌ́LÁDÉ: Ẹ má bi mí níbi tí Ẹ̀rìn parí sí. Àlejò ni mí. Ọ̀rọ̀ ibi tí èyí parí sí, ibi tí tọ̀hún bẹ̀rẹ̀, mo ti gbọ́ ohun tó máa ń dá sílẹ̀ lágbègbè yìí.

ALHAJI: Pa á rẹ́ nígbà náà! Gbé ìgò lílọ̀ sí i. Fẹ́ ẹ!

BỌ́LÁDÉ: Ìgò lílọ̀ le fún irin tó fẹ́lẹ́ bí èyí. Bó bá pẹ́ lójú kan, ilẹ̀kùn á gbóná, á wú bíi búrẹ́dì.

ALHAJI: Kó wú! Búrẹ́dì Ẹ̀rìn ni, kì í ṣe tèmi. Àwọn ènìyàn ń bọ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn tí wọ́n bá rí i? Kí ni kí n sọ fún ẹgbẹ́? Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń kọ̀ fún wọn nìyẹn, mi ò ní òmíràn. Fẹ́ ẹ, mo bẹ̀ ọ́.

(Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kò wọ́pọ̀ lẹ́nu Alhaji, ó sì dun Bọ́ládé díẹ̀. Ó da ìgò lílọ̀ sínú ẹ̀rọ, ó ki òwú bọ etí, ó kọjú ìbọn sí E tó ṣáájú. Ariwo sọ. E ń lọ. Alhaji wá wo ilẹ̀kùn náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí N.)

ALHAJI: Dúró!

(Bọ́ládé kò gbọ́.)

ALHAJI: Mo ní dúró! Bọ́ládé!

(Alhaji sáré kọjá okùn, ó fi ẹ̀yìn lé ilẹ̀kùn, ó na apá méjèèjì. Bọ́ládé já ìbọn sókè, ó sì ti atẹ́gùn pa. Apá jálámíà Alhaji ti ya láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Awọ kò bó, Ọlọ́run ló yọ ọ́.)

BỌ́LÁDÉ: Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Mo ní kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú ìbọn yìí! Mo ní ìbá à jẹ́ ọba! Tó bá jẹ́ pé ojú yín ló bà ńkọ́? Kí ni màá sọ fún Àmínát? Alhaji, kí ló dé?

ALHAJI: Wo N yẹn.

BỌ́LÁDÉ: N wo? Mò ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ̀yin ń sọ N?

ALHAJI: Wò ó. Wọ́n dà á kọ. Ẹ̀yìn ló kọjú sí.

BỌ́LÁDÉ: Mo rí i. Àwọn tó ń kọ nǹkan sára mọ́tò, kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀wé.

ALHAJI: Bàbá mi ló kọ ọ́. (ó fi ìka tọ ipa lẹ́tà náà, ó rọra, bí ẹni pé ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ) Wọn ò lọ ilé ìwé. Èmi ni mo kọ́ wọn ní A, B, D nígbà tí mo wà ní pírámárì. Gbogbo ìyókù yé wọn, àfi N. Bí mo bá tún un kọ fún wọn, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Jẹ́ kó máa wo ibi tó wù ú." Títí wọ́n fi kú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́.

BỌ́LÁDÉ: Ẹ mà jókòó, Alhaji. Ẹ jókòó sórí síménti yìí.

ALHAJI: Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n kun ún ní funfun. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti gbóná nígbà náà. Wọ́n ní ó ti rẹ mọ́tò, ó yẹ kó sinmi. Mi ò bèèrè, ọmọdé ni mí. Wọ́n ń kun ún, wọn ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Mo rò pé ọ̀dà ló ń mú wọn lórí.

BỌ́LÁDÉ: Ta ló wá sọ fún yín pé wọn ò tẹ Ẹ̀rìn rí?

ALHAJI: Èmi ni. Ìpàdé ẹgbẹ́ ló gbóná lọ́jọ́ kan, gbogbo ènìyàn ń sọ ohun tí bàbá tirẹ̀ ṣe. Mi ò ní nǹkan kan láti sọ. Mo bá sọ ohun tí bàbá mi ò ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó dùn mọ́ mi, mo sì ń sọ ọ́ lọ, èmi náà wá gbà á gbọ́. Ojú ń tì mí, Bọ́ládé. Ojú bàbá mi ló ń tì mí, kì í ṣe tìrẹ.

BỌ́LÁDÉ: Mo mọ̀, Alhaji.

ALHAJI: Má sọ pé o mọ̀. Fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

BỌ́LÁDÉ: Mi ò mọ̀, Alhaji.

(Wọ́n jókòó sórí síménti. Ìrun Alásàrí ti lọ, kò sí ẹni tó rántí àkókò. Hóònù mọ́tò dún ní ibodè, ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kejì, pẹ̀lú ìtìjú, gẹ́gẹ́ bí hóònù ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ òun.)

BỌ́LÁDÉ: Àwọn àlejò yín ti dé. Ìpẹtà kì í sùn, irin yìí gbọ́dọ̀ gba práímà, ọ̀dà àkọ́kùn, kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ìrì bá sẹ̀ sí i, a ti ṣe iṣẹ́ lásán. Ṣé kí n fi bo gbogbo rẹ̀? Kò sí ẹni tó máa rí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Mi ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni.

ALHAJI: Fi bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fi bo fẹ́ńdà, màlúù àti gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn, fi sílẹ̀. Kun E tí o pa rẹ́ yẹn padà sí ipò rẹ̀, kó o sì ṣọ́ra, má tún N ṣe.

BỌ́LÁDÉ: Yẹ́lò náà ńkọ́?

ALHAJI: Yẹ́lò náà ni kó wà.

(Ó dìde, ó gbọn síménti kúrò lẹ́yìn jálámíà, ó ká apá tó ya sókè kó má baà hàn, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì pe inú ilé.)

ALHAJI: Àmínát! Wá bá mi gbé míníra jáde. Kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan o, páálí kan odindi. Pe ìyá rẹ. Ní kí ẹnì kan tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Àwọn àna wa ti dé.

(Nǹkan kan já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ilé, ó dún bí àwo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni igbe ayọ̀ tẹ̀ lé e. Alhaji ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè pa ẹnu dé. Ó ń lọ sí ibodè.)

BỌ́LÁDÉ: Alhaji, ẹ dúró díẹ̀. Ẹgbẹ́ ńkọ́? Wọ́n á rí ilẹ̀kùn yìí lọ́la. Ṣé ẹ máa lọ sọ fún wọn pé irọ́ lẹ pa, pé bàbá yín ń lọ sí Ẹ̀rìn?

ALHAJI: (ó yíjú padà, ó tún fìlà dé) Irọ́ wo? Bàbá mi ò fi ẹsẹ̀ tẹ Ẹ̀rìn rí. Mọ́tò ni wọ́n ń wà lọ.